Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Náà Lọ? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olùdarí Àjọ Aláàánú tí Ẹ Ń Bọ̀ ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin olùdarí àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, tí àwa ará àdúgbò ń pè ní "àwọn NGO",

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Mile 12 títí dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn wá ràn wá lọ́wọ́, omi tútù ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé fún un. Ọ̀rọ̀ omi náà ló sì mú mi kọ̀wé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan lápá etí ọ̀sà ni mí, níhìn-ín ní Ìkòròdú. Ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé CDA rí mọ̀ pé kò sówó níbẹ̀. Owó ọdẹ, owó tiransífọ́mà, ìjà gọ́tà, gbogbo rẹ̀ orí akọ̀wé ni. Àǹfààní kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí àlejò tó ń bọ̀ wá ṣe oore tí kì í kọ́kọ́ kàn mí. Mo ti bá yín ya àga àti kánópì. Mo ti bá yín bẹ àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n jẹ́ kí mọ́tò yín kọjá. Mo ti dúró síwájú àsíá yín ya fọ́tò tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi ń bi mí pé oṣù mélòó ni mo ti gbowó. Nítorí náà, ẹ má rò pé ọ̀tá ló ń kọ̀wé sí yín.

Kànga-dẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn mọ́sálásí wa. N kò ní dárúkọ àjọ tó gbẹ́ ẹ, torí oore ni wọ́n ṣe, a kì í sì í bú olóore lójú ọjà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ìlù dún, ìrẹsì kárí. Táńkì dúdú ńlá wà lórí òpó irin, pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́fà wà lókè, pọ́ǹpù náà kì í sì í pariwo rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi ni wọ́n kan àpótí irin kan mọ́, tó tóbi tó rédíò àwọn bàbá wa, iná pupa kan àti iná àwọ̀ ewé kan wà lójú rẹ̀. Wọ́n pín káàdì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Tóo bá fi káàdì kan àpótí, iná á di àwọ̀ ewé, omi á dà, owó díẹ̀ á sì kúrò lórí káàdì rẹ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wá ṣàlàyé fún wa sọ pé lórí kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún ni wọn yóò ti máa rí i pé ilé báyìí pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin láàárọ̀ yìí. Ìyá kan nínú ìpàdé bi í pé, "Ṣé ẹ ó máa rí i náà pé mo wẹ̀?" A rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rìnlá. Ká tó jí lọ́jọ́ kan, iná pupa. Káàdì tèmi, pupa. Ti ìmáàmù, pupa. A rò pé omi ti gbẹ nílẹ̀. Ọmọkùnrin kan gun òpó, ó fi ìka gbá táńkì lára láti ìsàlẹ̀ dókè, ohùn kan náà ló ń dún, dùm, dùm, dé ẹnu. Táńkì kún! Oòrùn ń ràn, pọ́ǹpù ń fà, omi tó ṣẹ́kù ń gba ihò òkè dà sílẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀, àwọn obìnrin sì tò síwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí ojú wọn là ti gbé bẹ́sìn lọ sábẹ́ ibi tí omi ń dà nù sí. Bí a ṣe pọnmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, bí ìgbà tí à ń gbe òjò.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó, kò lọ. Mo kọ ímeèlì, ó lọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìgbà tó yá ni ẹnì kan tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí tó là mí lóye. Sìmù kan ló wà nínú àpótí náà, dátà rẹ̀ ló tán. Owó dátà wà nínú owó iṣẹ́, iṣẹ́ sì ti parí nínú ìwé. Àpótí fẹ́ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà wọn ní Èkó bóyá kí òun fún ìyá yìí lómi tàbí kí òun má fún un. Kò rẹ́ni bi, ló bá kúkú ti omi pa.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ wáyà ní ìgboro gbé súkúdíráfà wá. Ó tú àpótí, ó so wáyà méjì pọ̀, omi tú yàà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. A ra málítà fún un. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí ìpè àkọ́kọ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ àjọ náà: ẹnì kan ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n rí i pé a ti ba àpótí wọn jẹ́.

Àpótí *wọn*. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ohun tí mo sọ yìí rò pé àgbàlagbà kan ní Ìkòròdú kórìíra ẹ̀rọ. Fóònù ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tàbí ọgbọ́n tuntun wá, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ohun tí mò ń pè ní kọ́kọ́rọ́ ni páswọ́ọ̀dù, ni ìmọ̀ àtúnṣe, ni àṣẹ láti sọ pé "ká yí i padà, kò bá wa lára mu." A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ẹ wo àjọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ charity: water. Lọ́dún 2012, Google fún wọn ní mílíọ̀nù 5 dọ́là kí wọ́n fi kó ẹ̀rọ kéékèèké sínú àwọn kànga tí wọ́n gbẹ́ kiri, ẹ̀rọ tí yóò máa sọ fún wọn láti ọ̀nà jíjìn bóyá omi ń jáde tàbí kò jáde. Ẹ lè ní kí ni ìyàtọ̀ nínú tiwọn àti àpótí wa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwọn ń ṣọ́ kànga, tiwa ń ṣọ́ èèyàn. Bí tiwọn bá kú, ọ́fíìsì nìkan ni kò ní gbọ́ ìròyìn, omi ṣì ń dà. Bí tiwa bá kú, ọ̀fun ló ń gbẹ. Ẹnì kan ló jókòó sídìí tábìlì tó pinnu ibi tí ìyà yóò máa já sí bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, kò sì bi wá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni nẹ́tíwọ̀kì á lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé Gúúsù Áfíríkà díẹ̀. Àwọn kan ṣe ohun kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní PlayPump. Ó dà bí ẹ̀rọ ìṣeré tí àwọn ọmọdé ń gùn tó ń yí bírí, ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ pọ́ǹpù inú ilẹ̀. Ọmọ ń ṣeré, omi ń gòkè sínú táńkì, ara táńkì sì wà fún ìpolówó ọjà. Ta ni kò ní fẹ́ràn irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀? Èmi gan-an, ká ní mo wà níbẹ̀, màá pàtẹ́wọ́. Lọ́dún 2006, wọ́n kéde mílíọ̀nù 16.4 dọ́là fún un ní Amẹ́ríkà níṣojú Laura Bush, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀ kó tó di 2010. Àmọ́ ọmọdé kì í ṣeré láago márùn-ún ìdájí tí ìyá rẹ̀ fẹ́ pọn omi ògì. Ọmọ tí wọ́n bá sì ní kó ṣeré dandan, iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Ibi tó wá já sí ni pé àwọn ìyá àgbà ló ń fọwọ́ ti nǹkan ìṣeré náà yí po kí wọ́n tó rómi. Ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2009: kí ẹ̀rọ kan tó lè fún iye èèyàn tí wọ́n ṣèlérí lómi, àwọn ọmọ ní láti máa ṣeré fún wákàtí 27 lójúmọ́. Ọlọ́run tó dá ojúmọ́, 24 ló fi sí i.

Bí wọ́n bá ti bi ìyá kan ṣoṣo pé "Aago mélòó lẹ máa ń pọnmi?", owó yẹn ì bá má ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó wù mí. Ní Íńdíà, láti 2008, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Digital Green. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni tiwọn. Wọn kì í gbé ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti ìlú ńlá kó máa wọ táì kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan. Àgbẹ̀ abúlé ni wọ́n ń fi kámẹ́rà kékeré yà, nínú oko rẹ̀, ní èdè rẹ̀, bó ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́. Lálẹ́, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, èyí tí kò ju ọwọ́ lọ, lọ sí abúlé mìíràn, ẹnì kan láti ibẹ̀ á sì máa dá a dúró kí wọ́n lè jiyàn lé e lórí. Rikin Gandhi tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ sọ pé ohun tí àwọn àgbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni orúkọ ẹni inú fídíò yẹn, abúlé wo ló sì ti wá. Mo gbà á gbọ́ láìjanpata. Bí ẹ bá fi fídíò ẹja yíyan han àwọn obìnrin Báiyékù, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín nìyẹn: "Ta nìyí? Ọmọ ilé ta ni?" Bó bá jẹ́ obìnrin Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni, wọ́n á tún sún mọ́ ọn wò bóyá ààrò rẹ̀ sàn ju tiwọn lọ. Ìjowú rere ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì tó lè ṣe irú rẹ̀.

Íńdíà náà ni Barefoot College wà, ní abúlé Tilonia, láti ọdún 1972. Bunker Roy àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń kó àwọn obìnrin jọ, ọ̀pọ̀ wọn ti ní ọmọ-ọmọ, ọ̀pọ̀ kò kàwé, láti Áfíríkà àti ibòmíràn. Wọ́n ń kọ́ wọn láti so iná sólà àti láti tún un ṣe, fún bí oṣù mẹ́fà. Wọn kò gbédè ara wọn. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn: wáyà aláwọ̀ yìí lọ síbí, tọ̀hún lọ sọ́hùn-ún, àti àmì ọwọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyá àgbà? Roy ní bí òun bá kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, á gba sẹ́tífíkéètì, á sì gba ìgboro lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí ọmọ wa tó tú àpótí ti wà ní Lẹkki báyìí. Ìyá Ìmáàmù kò lọ síbì kankan ní tirẹ̀. Òun ló yẹ kí ẹ kọ́.

Ẹ má sì sọ pé òkèèrè nìkan ni mo ń tọ́ka sí. Tunde Onakoya dàgbà ní Ìkòròdú yìí, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Lọ́dún 2018 ó lọ sí Májídun, ibi tí ọ̀pọ̀ yín máa ń fi ojú fèrèsé mọ́tò wò tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀. Ohun tó di Chess in Slums Africa nìyẹn. Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì kò gba iná, kò gba dátà. Ẹni tó bá ti ta ayò rí mọ̀ pé ọmọ tí ebi ń pa lè ní ọpọlọ tó ń ká ọmọ ayò mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, ó jókòó ní Times Square ní New York, ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 láìsùn, ó ń wá mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. A wò ó lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa lóru. Àwọn tí kò mọ ẹṣin yàtọ̀ sí ọba lórí pátákó yẹn ń pariwo bí ìgbà tí Nàìjíríà bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo ayé fi wò ó wúlò, àmọ́ ẹ̀yìn ló dé. Ohun tó ṣáájú ni pé ọmọ Ìkòròdú mọ ohun tí ọmọ Májídun lè ṣe.

Àwọn Ikorodu Bois ńkọ́? Wọn kì í ṣe NGO. Ọmọ kékeré ni wọ́n nígbà tí wọ́n fi bárò, abọ́ àti pàǹtí inú ilé ṣe fíìmù àwọn òyìnbó padà, títí Netflix fi kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún 2020. Mo mú ọ̀rọ̀ wọn wá nítorí fọ́tò.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí fọ́tò. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Sábọ̀ na fóònù sí mi lọ́dún kan, inú rẹ̀ ń ru. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wà lójú ìwé Facebook àjọ kan, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó ń wo òkè. Mo ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún un: ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ń dúró de ìrànwọ́ yín. Ìyá náà ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi ń ṣeré ni! Omi tí mo fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ wà lórí iná lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ń wá pàṣán." Ọmọ yẹn ti fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń rí fọ́tò náà. Ẹ wá fi ìyẹn wé àwọn ọmọ tó gbé kámẹ́rà fúnra wọn. Ìlú kan náà, iyanrìn kan náà. Àwọn kan di ẹni tí à ń káàánú, àwọn kan di ẹni tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọwọ́ tó di kámẹ́rà mú ló fa ìyàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán, ẹ gbé kámẹ́rà fún àwọn ọmọ wa fún oṣù kan, ẹ wá padà wo ohun tí wọ́n yà. Ó lè jẹ́ gọ́tà. Ó lè jẹ́ ìgbéyàwó.

Ti èdè kò gba ìdúró gígùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àjọ kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn apẹja etí ọ̀sà láti mọ iye ọkọ̀ tí wọ́n ní. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, mo dúpẹ́, àmọ́ kò sí àmì kan lórí rẹ̀: "Oko yin melo?" Aya apẹja kan gbé e wá bá mi, ó ní kí n bá òun dáhùn pé ọkọ kan ni òun ní láti ilé bàbá òun, ta ló sì ń bi òun léèrè! Àgbàlagbà kan ní tirẹ̀ kọ iye éékà oko rẹ̀ ní Ìmọ̀tà ránṣẹ́. Mo máa ń rò ó pé èsì méjèèjì ti wà nínú ìwé ìwádìí níbì kan. Àwọn tó lè ràn yín lọ́wọ́ wà. Àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tó ń jẹ́ Masakhane ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè wa láti 2019, orúkọ wọn, èdè Súlú, túmọ̀ sí "à ń kọ́ ọ pọ̀," bí ìgbà tí èèyàn bá ń kọ́lé. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn.

Nípa kọ́kọ́rọ́ tí mo wí, àwọn kan ti ṣe é. Nígbà tí ìjà ìbò dàrú ní Kẹ́ńyà níbẹ̀rẹ̀ 2008, Ory Okolloh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tí aráàlú fi ń tẹ ohun tójú wọn rí sórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n pè é ní Ushahidi, ìyẹn "ẹ̀rí" ní èdè Swahili. Wọn kò tì í pa. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè mú un, nígbà tí ilẹ̀ sì mì ní Haiti ní 2010, òun náà ni wọ́n gbé lò níbẹ̀. Nílé níbí, BudgIT láti 2011 ń tú ìwé ìṣúná ìjọba tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó yéni. Tracka wọn, láti 2014, jẹ́ kí ará àdúgbò lè béèrè pé iṣẹ́ tí ẹ kọ sínú ìwé pé ẹ ṣe níwájú ilé mi dà. Kò gbẹ́ kànga kankan o. Àmọ́ lẹ́yìn tí mo mọ̀ ọ́n, mo jókòó níwájú káńsílọ̀ kan pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, òun ló sì ń làágùn.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láti sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan láti dákẹ́. Ẹ fi owó dátà àti owó àtúnṣe ọdún márùn-ún sínú ìwé tí ẹ kọ sí àwọn olówó yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbẹ́ kànga tí kò ní àpótí, a máa fi ọwọ́ gba owó, a mọ olè tó wà láàárín wa. Ẹ kọ́ obìnrin méjì tí kò ní kó lọ ibì kankan. Ẹ yọ fọ́tò ọmọ yẹn kúrò.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni à ń ṣèpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ni àpótí, ẹ mọ ara yín. Ó wà nílé mi, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi ọ̀rá wé e kí òjò má baà pa á. Nǹkan kan kò ṣe é. Ẹ má wulẹ̀ gbé tuntun bọ̀. Ẹ mú páswọ́ọ̀dù rẹ̀ dání, Ìyá Ìmáàmù ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, etí ọ̀sà, Ìkòròdú.